Ọmọ Wa Ní Òun Ti Pa Ọlọ́run

Oṣù mẹ́ta tún pé, a tún pàdé, a ò ní í fẹ́ra kù. Nígbà tá a pínyà, mo ní ọ̀rọ̀ èèwọ̀ ìdílé ni màá bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí. Mi ò gbàgbé. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ṣẹlẹ̀ ní agboolé wa ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun tó kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ náà tì sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó tún wá gbé e padà láti ọ̀nà tí mi ò rò. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ọjọ́ ọ̀sẹ̀ Ifá ni. A ti ṣe tiwa tán láàárọ̀, àwọn èèyàn ti ń tú ká. Ìyá Àgbà jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń bó ẹ̀gúsí. Àfi bá a ṣe gbọ́ ariwo láti inú yàrá àwọn ọmọ: "Mo ti pa Ọlọ́run! Ó ti kú! Mo ti pa á!"

Ẹ̀yin èèyàn mi, gbogbo agboolé pa lọ́lọ́. Igbá ẹ̀gúsí yí dànù lọ́wọ́ Ìyá Àgbà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló pariwo o, èyí tó ń kàwé ní Ìbàdàn, tó wá lo ìsinmi nílé. Ọmọ Àyàn ni. Òun ló ń lu omele nínú bàtá wa, ọwọ́ rẹ̀ sì yá bí ẹni pé wọ́n bí ìlù mọ́ ọn. Kì í ṣe ọmọ tí í sọ ìsọkúsọ.

Ẹ̀gbọ́n mi wọlé lọ, ó fi kọ̀ǹpútà alágbèéká ọmọ náà há abíyá jáde, ó ní òun máa là á mọ́ òkúta iwájú ilé. Mi ò ní purọ́ fún yín, èmi gan-an ni mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ là á mọ́lẹ̀ jàre." Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n látorí ìdọ̀bálẹ̀ ló ti sọ̀rọ̀: "Ẹ má bínú sà. Tiyín ni, ẹ lè fọ́ ọ. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fọ́ ọ, mi ò ní lu omele lọ́dún egúngún yìí. Ẹ ò tiẹ̀ bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀."

Ọ̀rọ̀ wá di ńlá. Bàtá tí kò ní omele, ẹyẹ tí kò ní ìyẹ́ apá ni. Ìyá ìlù lè máa sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, tí kò bá sí omele tó ń gbè é, ọ̀rọ̀ náà ò ní í dún ketekete. Mo wo ojú ẹ̀gbọ́n mi, mo wo ojú ọmọ, mo rí i pé ohun tó fẹ́ fọ́ níbẹ̀ ju kọ̀ǹpútà lọ.

Ìyá Àgbà ló gbà wá. Ìyàwó ilé ni, kò sí ọmọ agboolé kan tí kì í pè ní ọkọ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ gbé e kalẹ̀. Ọkọ mi, dìde, wá fi hàn mí. Mi ò lè dá ẹjọ́ ohun tí mi ò rí."

Bá a ṣe jókòó yí kọ̀ǹpútà ká nìyẹn, àgbà mẹ́ta, ọmọ mẹ́rin. Ohun tá a rí ni mo fẹ́ sọ fún yín, nítorí mo mọ̀ pé àwọn ọmọ ilé yín náà ń gbá irú géèmù báyìí, bóyá ẹ mọ̀, bóyá ẹ ò mọ̀.

Orúkọ géèmù náà ni Smite. Ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Hi-Rez Studios ní ìpínlẹ̀ Georgia, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ló ṣe é, ó sì jáde ní 2014. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń gbá a. Èèyàn márùn-ún á wà lápá kan, márùn-ún lápá kejì, ó sì lè jẹ́ pé wọn ò mọra wọn rí. Olúkúlùkù á yan ẹni tó fẹ́ fi jà. Àwọn tí wọ́n ń yàn yìí kì í ṣe ọmọ ogun lásán: ọ̀pọ̀ nínú wọn ni àwọn ẹni tí ayé ń bọ tàbí tí wọ́n ti bọ rí. Zeus ti àwọn ará Gíríìsì wà níbẹ̀, Ra ti Íjíbítì wà níbẹ̀, Thor wà níbẹ̀, Guan Yu ti Ṣáínà wà níbẹ̀. Wọ́n ju 100 lọ. Ẹ̀yìn ẹni tó o bá yàn ni wàá máa wò bó ṣe ń rìn. Bó o bá ṣe ń jà lagbára rẹ̀ á máa pọ̀ sí i, wàá máa kó owó jọ, wàá máa fi ra ohun ìjà. Tí wọ́n bá pa á, kì í pẹ́ tó fi máa padà wá.

Ní 2019, wọ́n mú méjì wọ inú rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Yorùbá: Ọlọ́run àti Yemọja.

Ọmọ wa ṣàlàyé pé ẹni tó wà lápá kejì ló yan Ọlọ́run, òun sì yan ẹlòmíì, òun borí rẹ̀, inú òun dùn, òun gbàgbé ibi tóun wà. "Ìyá Àgbà, ẹni yẹn gan-an ti padà wá báyìí, ẹ wò ó." Lóòótọ́, ó ti padà dé, ó ń tan ìmọ́lẹ̀ káàkiri. Ìyá Àgbà wò ó títí. Ó ní, "Ọlọ́run tó kú, tó tún padà wá. Ọkọ mi, níbo ló lọ nígbà tó kú? Ta ló ń mú ayé dúró kó tó dé?"

Kò sẹ́ni tó lè dá a lóhùn. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ dákẹ́.

Bí ìjíròrò ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ èrò àwọn ọmọ náà, nítorí àwọn ló ń gbá géèmù, kì í ṣe àwa. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ní tòun, Yemọja lòun máa ń yàn nígbàkígbà tí ẹ̀gbọ́n òun bá jẹ́ kóun fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Ó ní Yemọja kì í ṣe apànìyàn ńbẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dáàbò bo àwọn tó wà lápá rẹ̀: á da omi sí wọn lára, ọgbẹ́ wọn á san, á gbé ògiri omi méjì dìde, àwọn ọ̀tá ò ní í ríbi gbà. Àwọn yòókù ní irú agbára kan tí wọ́n ń lò. Ti Yemọja yàtọ̀, Omi ni wọ́n pè é, bá a ṣe ń pè é gẹ́lẹ́ lédè wa. Tó bá lo omi rẹ̀ tán, á ní láti dúró kí omi tún sun. Ọmọbìnrin náà ní, "Bọ̀ọ̀dá ò fẹ́ràn rẹ̀ torí pé òun nìkan ò lè dá pa èèyàn. Ṣùgbọ́n tí kò bá sí níbẹ̀, gbogbo wọn máa kú."

Ẹ gbọ́, orí mi wú. Àwọn tó ṣe ìyẹn jókòó, wọ́n bi ara wọn pé kí ni Yemọja ń ṣe fún àwọn tó ń bọ ọ́, wọ́n sì fi ìdáhùn náà ṣe òfin eré. Ìyá tí omi jẹ́ agbára rẹ̀, tí ń tọ́jú ọmọ, tí kì í dá nìkan ṣe nǹkan. Àwọn tó ń bọ ọ́ létí odò Ògùn ní Abẹ́òkúta máa dá a mọ̀. Àwọn tó ń bọ ọ́ létí òkun ní Kúbà àti Brazil náà máa dá a mọ̀. Mi ò sọ pé gbogbo rẹ̀ ló tọ̀nà o. Aṣọ tí wọ́n wọ̀ fún un, Ìyá Àgbà ní kí wọ́n lọ wá ìró kún un. Ṣùgbọ́n ìwà rẹ̀ wà níbẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ, tó ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀, ní òun ò rí ohun tó burú nínú gbogbo rẹ̀. Ó ní ọmọ Ṣáínà kan tí kò gbọ́ orúkọ Yorùbá rí láyé rẹ̀ ti mọ Ọlọ́run báyìí, ó ti mọ Yemọja. Ó ní, "Ẹ ò rí i pé tẹ́lẹ̀, fíìmù ni wọ́n fi ń sọ pé babaláwo burú? Èyí ò sọ pé ẹnikẹ́ni burú." Òótọ́ wà níbẹ̀, mo gbà á. Àwa tí wọ́n ti fi fíìmù bà lórúkọ jẹ́ fún ìgbà pípẹ́, a mọ iyì kí wọ́n dárúkọ ẹni láìṣépè.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kò yí lójú mi. Mo sì fẹ́ sọ ìdí tí mo fi rò bẹ́ẹ̀, kí àwọn ọmọ má baà rò pé ìbínú àgbà lásán ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun mọ̀ pé ìlú eré ni. Ilé bàtá ni wá, ilé egúngún ni wá. Àwọn baba wa tó jẹ́ ọ̀jẹ̀ kò bẹ̀rù láti gbé ohun ńlá sínú eré. Nínú ìdán, ẹ ti rí ère tó ń wọ́ nílẹ̀, ẹ ti rí ọ̀nì, ẹ ti rí òyìnbó onímú gígùn tó ń kọ nǹkan sínú ìwé, ẹ ti rí ọlọ́pàá. Ẹnì kan wọ aṣọ lórí pápá, ó di ẹlòmíì, èrò ń rẹ́rìn-ín, èrò ń bẹ̀rù. Kí ni géèmù ju ìyẹn lọ? Ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà náà, aṣọ ẹlòmíì ló wọ̀. Nítorí náà mi ò lè dúró níwájú yín kí n ní òrìṣà àti eré ò gbọ́dọ̀ pàdé. Ojú pápá ni wọ́n ti ń pàdé láti ìgbà ìwáṣẹ̀.

Àmọ́ ẹ bá mi ronú. Nínú gbogbo ìdán tẹ́ ẹ ti wò láyé yín, ẹ ti rí èyí tó di Ọlọ́run bí? Ẹ ò rí i. Kì í ṣe pé àwọn ọ̀jẹ̀ ò ní aṣọ tó máa tó o, wọ́n mọ̀ pé kò ṣe é ṣe ni. Olódùmarè kò ní ojúbọ tá a lè tọ́ka sí, kò ní ère, kò ní àwòrò tó ń gbé e sórí. Òrìṣà ló ń gun èèyàn. A máa ń pe Olódùmarè lórí gbogbo ẹbọ, ṣùgbọ́n a kì í gbé ẹbọ síwájú àwòrán rẹ̀, torí kò sí àwòrán. Ẹni tó bá ní ara, a lè nà á. Ẹni tó bá ní ìpele agbára tó ń gòkè, á jẹ́ pé ó kéré tẹ́lẹ̀. Ohun tó burú nínú ti Ọlọ́run inú géèmù kì í ṣe pé wọ́n bú u, wọ́n ò bú u. Wọ́n ní ó lè mú kí àkókò falẹ̀ fáwọn ọ̀tá rẹ̀, èyí tiẹ̀ dára létí. Àṣìṣe ibẹ̀ ni pé wọ́n ka orúkọ wa lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n rò pé Ọlọ́run ni Zeus tiwa, olórí àwọn òrìṣà tó jókòó sórí àga. Wọ́n mú ìtò ilé ẹlòmíì, wọ́n fi to ilé wa.

Nígbà tí mo sọ báyìí tán, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní, "Bàbá Kékeré, kí ló dé tí wọn ò mú Ẹrinlẹ̀?" Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ìbínú. Ẹrinlẹ̀ ti Ìlobù, ọdẹ, oníṣègùn, odò tó ń ṣàn nítòsí wa níbí lọ bá Ọ̀ṣun! Ẹni tó mọ ọfà ta tó tún mọ ewé já. Ta ni wọ́n ń wá kiri tó dára ju ìyẹn lọ? Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ti Ifọ́n ńkọ́, Òrìṣà Olúfọ́n?" Àbúrò rẹ̀ obìnrin dáhùn pé ìyẹn ò ní í dùn ún gbá, torí òrìṣà sùúrù ni. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní rárá o: "Ẹ jẹ́ kí agbára rẹ̀ pọ̀ ju ti gbogbo wọn lọ, ṣùgbọ́n kó léèwọ̀. Tí ẹni tó ń lò ó bá fi mu ẹmu, tàbí tó jẹ́ kí aṣọ funfun rẹ̀ dọ̀tí, kí agbára náà tán pátápátá. Ẹni tó bá lè pa èèwọ̀ mọ́ dópin ló máa borí."

Ẹ̀yin ará mi, ṣé ẹ rí ohun tó ṣẹlẹ̀? Mo ti fẹ́ wá kọ̀wé nípa èèwọ̀ fún yín, mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tí màá fi sọ ọ́ kó yé àwọn ọmọ. Ọmọ tí mo ní kí wọ́n fọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi. Èèwọ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n fi ń dí èèyàn lọ́wọ́ ayé jíjẹ. Òun ni iye owó agbára. Ọmọ tó ń gbá géèmù mọ̀ pé agbára tí kò ní iye owó kò lè dùn ún lò.

Ó tún mú wa dé orí ọ̀rọ̀ mìíràn, ìyẹn ni orí. Ó ní láàárín àwọn tó ń gbá irú géèmù yìí, àríyànjiyàn kan wà tí kì í tán: tó o bá ti yan ọ̀nà tí akọni rẹ máa gbà lágbára, ṣé kí wọ́n jẹ́ kó o lè pààrọ̀ rẹ̀? Nínú Diablo II, tí ilé iṣẹ́ Blizzard ṣe ní 2000, kò sí àyípadà. Ibi tó o bá fi agbára rẹ sí, ibẹ̀ ló wà. Tó o bá ṣìyàn, kó o bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọdún mẹ́wàá ni wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀. Ní 2010 ni wọ́n tó fún àwọn èèyàn láyè láti tún un yàn, ìwọ̀nba ìgbà. Nígbà tí Diablo III dé ní 2012, wọ́n ṣí i sílẹ̀ gbayawu: o lè pààrọ̀ nígbà tó bá wù ọ́. Àwọn kan ní ó dáa, pé kò ni wọ́n lára mọ́. Àwọn kan bínú, wọ́n ní ohun tó o lè pààrọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ kò tíì di tìrẹ. Ní 2013, ilé iṣẹ́ kan ní New Zealand, Grinding Gear Games, gbé Path of Exile jáde. Àwọn wọ̀nyí mú ọ̀nà àárín: o lè pààrọ̀, ṣùgbọ́n wàá san án díẹ̀díẹ̀. Nǹkan kan wà tí wọ́n ń kó jọ níbẹ̀, Orb of Regret lórúkọ rẹ̀, a lè pè é ní òkúta àbámọ̀. Ọ̀kan á tú ìyàn kan ṣoṣo ká.

Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Wọ́n wá ń tà á lọ́jà?"

Àmọ́ ẹ ronú sí i. Ṣé kì í ṣe ohun tá a ń kọ́ àwọn ọmọ wa nìyẹn? Orí la yàn lọ́dọ̀ Àjàlá, a ò lè padà lọ pààrọ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò sì sí ẹni tá a sọ fún pé kó káwọ́ gbera. Ẹbọ wà, ìwà wà, ẹsẹ̀ wà. A máa ń tún un ṣe, díẹ̀díẹ̀, a sì máa ń náwó nára sí i. Ọ̀nà àárín ni ti wa. Mo sọ fún ọmọ náà pé tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn bá bi í pé kí ni orí, kó fi òkúta àbámọ̀ ṣàlàyé fún wọn, ó máa yé wọn ju bí mo ṣe ń ṣàlàyé rẹ̀ lọ.

Mo dé ibi tó ń dùn mí báyìí.

Bá a ṣe ń rẹ́rìn-ín, ọmọ tèmi, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ń wolẹ̀. Ó wá jẹ́wọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Géèmù mìíràn ló ń gbá lórí fóònù mi, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi ń gbá a, ṣùgbọ́n àpótí kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń fi owó ṣí. Ohun tó wà nínú àpótí kò hàn. O lè rí idà tó dára, o lè rí ìràwé. Ọmọ mi ti fi káàdì mi tó wà nínú fóònù ṣí àpótí títí ₦18,000 fi lọ. Owó awọ ni o. Owó tí mo tọ́jú láti fi ra awọ ewúrẹ́, ká fi tún ojú bàtá dì kí ọdún egúngún tó dé.

Mo bi í pé, "Kí ló dé tó ò fi dúró?" Ó ní, "Bàbá mi, gbogbo ìgbà ló ń ṣe bí ẹni pé èyí tó kàn ló máa jẹ́."

Mo bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó là mí lójú, ohun tó sì sọ fún mi nìyí. Ọ̀pọ̀ irú géèmù báyìí ni wọ́n ti máa ń sọ iye tó ṣeé ṣe kéèyàn rí ohun tó dára jù. Nínú Genshin Impact, géèmù àwọn ará Ṣáínà tó jáde ní 2020, tó sì gbajúmọ̀ gan-an, iye náà jẹ́ 0.6 nínú 100. Ìyẹn ni pé nínú ìgbà 1,000 tó o bá jù ú, bí ìgbà mẹ́fà ni. Wọ́n tún fi kún un pé tó o bá jù ú tí kò jẹ́, tó bá ti di ìgbà 90, ó gbọ́dọ̀ jẹ́. Ìlérí yẹn dà bí àánú, ṣùgbọ́n òun náà ló ń mú kí ẹni tó ti ju 70 má lè dìde. Ní 2018, ìjọba Belgium sọ pé irú àpótí tí wọ́n ń fi owó ṣí láìmọ ohun tó wà nínú rẹ̀, tẹ́tẹ́ ni. Nígbà tí Diablo Immortal jáde ní 2022, Belgium àti Netherlands kò sí lára ibi tí wọ́n ti gbé e jáde.

Ẹnì kan lè wá sọ fún wa pé, "Ẹ̀yin oníṣẹ̀ṣe, kí ni tiyín? Ṣé ẹ̀yin náà kì í ju ọ̀pẹ̀lẹ̀ ni?" Ẹ jẹ́ ká mọ èsì rẹ̀, nítorí wọ́n máa bi àwọn ọmọ wa. A ń dà á, lóòótọ́. Odù 256 ló wà, a ò sì mọ èyí tó máa jáde. Ṣùgbọ́n babaláwo tó mọṣẹ́ kì í ní, "Èyí ò dáa, mú owó wá, ká tún un jù kí odù tó dára jù lè jáde." Odù tó bá yọ ni odù rẹ. Kò sí èyí tí kò ní ire nínú, kò sí èyí tí kò ní ìkìlọ̀ nínú. Ẹbọ tẹ́ ẹ máa rú, ẹ máa gbọ́ ọ kẹ́ ẹ tó rú u. Ẹ máa dìde lórí ẹní, ẹ máa lọ sílé. Àpótí yẹn, wọ́n gbé e kalẹ̀ kó o má baà dìde ni. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ nìyẹn. Tí ẹ bá sì rí ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní babaláwo tó ń ṣe bíi ti àpótí, ẹ sá fún un bákan náà.

Mi ò na ọmọ mi. Mo ní kó bá mi lọ sọ́dọ̀ aláwọ, kó fẹnu ara rẹ̀ sọ fún un pé owó ò tíì pé. Ó sọ ọ́. Aláwọ gbà fún wa pé ká máa san án díẹ̀díẹ̀. Òkúta àbámọ̀ tiwa nìyẹn.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé àwọn tó ń gbá géèmù kì í ṣe ẹran àgùntàn. Nígbà tí Diablo III ṣí ọjà kan sínú géèmù, tí èèyàn lè fi owó gidi ra ohun ìjà lọ́wọ́ ẹlòmíì, àwọn tó ń gbá a pariwo pé ọjà náà ti ba eré jẹ́: kí ni mò ń pa iwin fún, tí mo bá lè lọ ra ohun tí mò ń wá lọ́jà? Ní oṣù kẹta ọdún 2014, ilé iṣẹ́ náà ti ọjà ọ̀hún pa. Ẹ ò rí i pé ẹnu àwọn ọmọ tó. Ẹni tó ń lo nǹkan lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé ibi báyìí ń dun òun.

Ilẹ̀ wa náà kò sì sùn. Ní Yaoundé, ní Kamẹrúùnù, ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Kiro'o Games, tí Olivier Madiba dá sílẹ̀, ṣe géèmù kan tí wọ́n pè ní Aurion: Legacy of the Kori-Odan. Ó jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2016. Kì í ṣe ti orí íntánẹ́ẹ̀tì, èèyàn lè dá gbá a. Ọmọ aládé kan ni, wọ́n gba adé mọ́ ọn lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n ń fi í jọba, ọjọ́ náà sì ni ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ló jọ ń jà láti gba ìlú padà. Agbára tí wọ́n fi ń jà, ọ̀dọ̀ àwọn baba ńlá wọn ló ti wá. Wọn ò mú òrìṣà ẹnikẹ́ni wá pa. Wọ́n mú ìrònú ilẹ̀ adúláwọ̀, wọ́n fi kọ́ ilé tuntun. Ẹni tó ń bọ egúngún baba rẹ̀ kò ní í ní kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún òun.

Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun ti bá irú ọ̀rọ̀ yìí jà rí. Nígbà tí Bàbá Làmídì Àyánkúnlé gbé bàtá wa dé òkè òkun, tí àwọn èèyàn ń wá láti ìlú òyìnbó wá kọ́ ọ níbí, débi pé onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, Debra Klein, kọ odindi ìwé lórí bàtá Ẹ̀rìn, tó jáde ní 2007, ìbéèrè tó wà nílẹ̀ nígbà náà ló tún wà nílẹ̀ báyìí: èwo là ń gbé jáde, èwo là ń fi sílé? Àwọn baba wa ò ti ilẹ̀kùn, wọn ò sì ṣí gbogbo yàrá. Wọ́n yàn.

Àwa náà yàn. Ohun tá a fẹnu kò sí ní agboolé wa nìyí. Lọ́jọ́ ọ̀sẹ̀, kò sí géèmù títí oòrùn á fi wọ̀. Àpótí tí wọ́n ń fi owó ṣí, èèwọ̀ ilé wa ni, fún ọmọdé àti fún àgbà. Mo ti yọ káàdì mi kúrò nínú fóònù. Nínú Smite, ẹni tó bá fẹ́ kó yan Yemọja, kó sì bọ̀wọ̀ fún un. A ò ní í yan Ọlọ́run. Tí ẹlòmíì bá yàn án lápá kejì, tẹ́ ẹ sì borí rẹ̀, ẹ panu mọ́. Ìkẹrin, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi máa kọ lẹ́tà sí àwọn tó ṣe é lórúkọ ìdílé wa, á sọ fún wọn pé wọ́n ṣe Yemọja dáadáa, pé Ọlọ́run kì í ṣe jagunjagun, pé kí wọ́n fi àmì sórí orúkọ wa bó ṣe yẹ, àti pé tí wọ́n bá ń wá ẹlòmíì, Ẹrinlẹ̀ ń bẹ ní Ìlobù.

Ẹ̀gbọ́n mi ló gbé kọ̀ǹpútà padà fún ọmọ rẹ̀. Kò sọ nǹkan kan, ó kàn ní, "Gbà, ìwọ apọlọ́run." Ọmọ náà gbà á pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó dọ̀bálẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, mo gbọ́ omele lẹ́yìn ilé. Ó ń gbá a jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń dán awọ wò.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ẹ bi àwọn ọmọ yín pé kí ni wọ́n ń gbá, kẹ́ ẹ sì jókòó tì wọ́n wò ó kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀. Ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ bá rí ránṣẹ́ sí wa, àwọn ọmọ náà lè kọ tiwọn. Màá kà á síbí ní oṣù mẹ́ta òní.

Àyàn á gbè wá. Ire o.